Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Fi Ń Bá Káyọ̀dé Díje

Ọjọ́ kan wà tí n ò lè gbàgbé títí n ó fi dágbére fáyé, ìyẹn ọjọ́ Sunday tí èmi àti Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì kan náà ní Brockley, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì dìde. Àgbàlagbà méjì o! Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tẹ́rùn, èmi náà ti ń fi ara mi rẹ́rìn-ín báyìí. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín kọ́ ló wà lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Káyọ̀dé jẹ́ fún yín. Òun ló fẹ́ Ṣadé, àbúrò ìyàwó mi. Ọmọlúàbí ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní ìpátá ni, ǹ bá kàn kórìíra rẹ̀, kí n sinmi. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, ó ń sáré yí Peckham Rye po láràárọ̀, ó sì tún ń gbé irin ní jíìmù. Èmi rèé, inú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Rye Lane ni mo ti ń tún fóònù ṣe, ikùn mi ti yọ díẹ̀, ọkàn mi kì í sì í lù déédéé.

Ọkàn náà lè máa lọ jẹ́jẹ́ tirẹ̀, á ṣàdédé fo ìlù kan, á lu mẹ́ta pa pọ̀, á wá máa sáré kiri àyà mi bí ẹni tí ajá ń lé. Dókítà fún mi lóògùn tí mo ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n má sì máa bẹ̀rẹ̀ kí n tún dìde lójijì, torí ojú mi máa ń ṣú. Mo gbà. Mo wá ń bá a gbé bí èèyàn ṣe ń bá ayálégbé aláriwo gbé. Àfi ìgbà tí Màmá dé.

Màmá ni ìyá ìyàwó mi. Bọ́lá, ìyàwó mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń tọrọ ọmọ, ẹ̀rù sì ń bà á. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kí ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá bímọ. Òṣogbo ni Màmá ti wá. Láti pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ fún wa.

"Ọ̀dọ̀ yín ní Nunhead ni mo máa kọ́kọ́ dé sí," wọ́n ní. "Bí ara bá tù mí níbẹ̀, màá dúró títí Bọ́lá á fi bí. Bí ara ò bá tù mí, Ṣadé náà ní yàrá ní Brockley."

Bọ́lá di ọwọ́ mi mú gírígírí nígbà tó gbọ́ ọ. Mo mọ ohun tó ń sọ fún mi: ọwọ́ mi ló wà. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ náà, ìlérí kan ṣoṣo ni mo ní kó ṣe fún mi, pé kó má sọ ọ̀rọ̀ ọkàn mi fún Màmá.

"Kí ló dé tí wọn ò ní gbọ́?"

"Kí wọ́n lè máa sọ ọ́ kiri pé akọni ni Ṣadé fẹ́, aláìsàn ni Bọ́lá fẹ́?"

Ó wò mí títí. "Owú Káyọ̀dé ló ń jẹ yín."

"Owú kẹ̀? Èmi?"

Owú ni. Owú gidi, tí kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn oúnjẹ.

Lójú àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí Màmá bí ara mi ṣe mọ. Mo tẹ̀ díẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀, mo di àga mú, mo rọra nàró. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o," ohùn wọn sì tutù bíi tíì àná. Nígbà tó di Saturday, Káyọ̀dé dé. Ilẹ̀kùn wa ò tíì ṣí tán tó fi wó lulẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tòun ti kóòtù òjò lọ́rùn, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ gbọnrangandan.

"Mọ́mì! Ẹ káàbọ̀ o, Mọ́mì mi!"

"Háà! Dìde, ọmọ mi, dìde! Wọ́n kọ́ ọ nílé!" Màmá fọwọ́ pa á lórí. Wọ́n wá yíjú wo èmi tí mo dúró ti ògiri. Lálẹ́, mo gbọ́ wọn lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn ní Òṣogbo. "Ti Ṣadé, ọmọ gidi ni. Ti Bọ́lá yìí, ìka ló fi ń kí èèyàn." Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. N ò sùn dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọsibítù ní Camberwell lẹ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan mọ́ àyà mi bíi pílásítà, kí wọ́n lè mọ ohun tí ọkàn mi ń ṣe tọ̀sántòru. Obìnrin ará Jamaica kan ni nọ́ọ̀sì tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni n ó fi wọ̀ ọ́. Ó fi bọ́tìnnì kan hàn mí láàárín rẹ̀, ó ní nígbàkígbà tí ọkàn mi bá ti ń ṣe ségesège, kí n tẹ̀ ẹ́, kí àwọn lè mọ ìgbà tó mú mi. Mo ní mo ti gbọ́. Káyọ̀dé ló wà lọ́kàn mi ní gbogbo àkókò tó ń sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ tòótọ́, àyà kan ilẹ̀, imú kan kápẹ́ẹ̀tì. Nǹkan kan dún "kẹ́" lábẹ́ àyà mi, n ò kà á sí.

"Yéè! Àna mi!" Màmá di orí mú. "Ẹ ṣeun o! Ẹ ó jèrè ọmọ inú Bọ́lá!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, oyin ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ̀wọ̀n ara mi mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé. Mo dọ̀bálẹ̀ ní Rye Lane níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja, ọkùnrin náà sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ láti wá gbé mi. Mo dọ̀bálẹ̀ ní ibùdókọ̀ Camberwell Green, awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè bóyá mo fara pa. Bí mo bá ń dìde, tí ojú mi bá ṣú, màá ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ àga. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni ọkàn mi tiẹ̀ sáré lóòótọ́ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n Màmá wà níbẹ̀, n ò lè kọwọ́ bọ ẹ̀wù lọ tẹ bọ́tìnnì kankan.

"Ẹ máa para yín," ni Bọ́lá ń sọ.

"Ìwọ ni mò ń ṣe é fún," ni mo máa ń dá a lóhùn. Irọ́ ni, ó kéré tán ìdajì rẹ̀. Káyọ̀dé náà gbọ́ ìròyìn mi. Nígbà tó tún wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, bí ẹni tó ń kí ọba. Inú bí mi débi pé n ò jẹ ìrẹsì tí wọ́n bù fún mi.

Báyìí la ṣe dé ọjọ́ Sunday yẹn. Ṣadé ní ká wá jẹun ní Brockley, Màmá sì ti ní àwọn á sọ ibi tí àwọn máa gbé lẹ́yìn oúnjẹ. Bọ́lá àti Ṣadé wà ní kíṣìnnì. Màmá jókòó sórí àga gígùn. Káyọ̀dé ló wá ṣílẹ̀kùn fún mi; bí a ti wọ pálọ̀, ó sáré ṣíwájú mi, ó lọ nà gbalaja. Kí ni mo wá ń wò? Èmi náà sọ ara mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkàn mi fo ìlù kan. Ó fo ìkejì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ eré. Etí mi ń hó, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ò sì lágbára tí mo lè fi ti ara mi dìde.

"Ó tó o," ni Màmá wí. "Ẹ dìde."

Káyọ̀dé ti dìde dé orúnkún kó tó rí i pé mo ṣì wà nílẹ̀. Ló bá tún padà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀yin àna mi, mo ní ó tó!"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ti gbẹ. Ni Màmá bá bú sẹ́kún ayọ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ọ̀wọ̀ báyìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn. Wọ́n wá ń wúre lé wa lórí: ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, ẹ ò ní kú ní kékeré. Èmi tí mo wà nílẹ̀ ń ṣe àmín lọ́kàn, mo ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́, kó gba èyí kíákíá.

Káyọ̀dé sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká jọ dìde."

"Mi ò lè dìde," ni mo fi agídí sọ jáde.

Ó rò pé mò ń fọ́nnu ni. "Ó dáa. Èmi náà ò ní dìde."

Bí a ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn tí Bọ́lá fi gbé abọ́ ọbẹ̀ jáde. Ó rí ọrùn mi tó ń ṣàn fún òógùn, abọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Ọkàn wọn ni! Ẹ pe áńbúláǹsì!"

Ta ló kọ́kọ́ fò dìde? Káyọ̀dé ni. Ta ló yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, tó dì mí lọ́wọ́ mú títí a fi dé Camberwell? Káyọ̀dé náà ni, ó sì ń sunkún. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí i kórìíra bó ṣe wù mí.

Ọkàn mi rọlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ní kí n padà wá gbọ́ èsì ẹ̀rọ. Màmá ní dandan, àwọn á bá mi lọ. Nọ́ọ̀sì ará Jamaica yìí kọjú kọ̀ǹpútà sí wa, ó ń nàka sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀.

"O tẹ bọ́tìnnì láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ọkàn rẹ ò ṣe nǹkan kan. Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń kí ìyá ìyàwó mi ni."

"Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́?"

"Mò ń kí wọn ni."

"Èyí tó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé."

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo dìde kí n lè fi hàn án bí àyà mi ṣe ń tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, orúnkún mi kan ti kanlẹ̀ tán.

"Ẹ jókòó síbẹ̀!" Màmá pariwo débi pé ẹnì kan yọjú láti yàrá kejì.

Nọ́ọ̀sì ní nínú gbogbo ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, ti ọjọ́ Sunday nìkan ni òótọ́, òun ni dókítà sì máa fi yí oògùn mi padà. Ó ní ìgbà tó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́, n ò tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí kò yẹ ni mò ń tẹ̀ ẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Màmá jókòó tì mí. Wọ́n wá béèrè ìdí tí mo fi ń para mi. Mo ní mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù, pé ìka ni mo fi ń kí èèyàn. Ojú tì wọ́n. Wọ́n fi ìborí nu ojú.

"Mo sọ ọ́, ẹ má bínú. Ẹnu àgbà náà máa ń yún un." Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú. "Ṣùgbọ́n ọmọ ni mo wá wẹ̀ ní London. Èmi ò wá sin àna."

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́ náà, mo sì jẹ́ kí omi ojú mi ṣàn níṣojú gbogbo èrò.

Màmá dúró tì wá ní Nunhead. Àwọn ló wẹ ọmọbìnrin wa nígbà tí Bọ́lá bí i, àwọn náà ló ń wò mí lẹ́nu bóyá mo ti gbé oògùn mi mì. Mo ti wá mọ̀ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àti pé àìsàn téèyàn fi pamọ́ nítorí ojú ayé, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára.

Kìkì pé bí Káyọ̀dé bá wá, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí Màmá sì ní, "Dìde, ọmọ mi," nǹkan kan ṣì máa ń ta mí láyà. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá oògùn tuntun yìí ò kápá ìyẹn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìyẹn kì í ṣe àìsàn ọkàn, ìwà mi ni.