Téèpù Tó Ń Rá Pálá ní Ọ́fíìsì Ẹja

Láyé ìgbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí wọ́n ní kí tolórí tẹlẹ́mù fún bẹ́líìtì mọ́dìí, Àǹtí Dosi ló ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ẹja kan létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Owó oṣù rẹ̀ kò ju ti gàrí lọ, ló bá ń fi kọ̀ǹpútà ìjọba tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún ẹbí gbogbo láti Imeke dé Gbaji, tòun ti fọ́tò, ó sì ń fi wọ́n pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà náà lórúkọ ‘Sùn re o’. Àfi bí ẹ̀rọ téèpù ọ́fíìsì ṣe di ìgbín. Àpótí kékeré kan ni, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè máa da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sórí téèpù. Ẹnjiníà Rewájú ará Abẹ́òkúta, ẹni tí kò sí ohun tí kò mọ̀ lábẹ́ ọ̀run, ló wá wò ó. Bó bá fi lè rí àwọn òkú inú kọ̀ǹpútà, tó sì sọ fún Mejọ, ológun tó jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì náà, iṣẹ́ Dosi bọ́ nìyẹn.

"Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ìrìn."

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Dosi. Ṣé kò tíì máa sáré?"

"Sáré kẹ̀? Ó lọ síwájú díẹ̀, ó pa dà sẹ́yìn, ó dákẹ́. Bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé."

Rewájú gbé etí lé ẹ̀rọ náà, ó dijú pinpin, ó mi orí.

"Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é."

"Mawu! Ẹ ti mọ̀ ọ́n?" Dosi fi èdè Ègùn pe Ọlọ́run. "Kí ni?"

"Kí lẹ̀yin náà rò pé ó jẹ́?"

Dosi mí kanlẹ̀. Ó ti mọ ìwà ọkùnrin yìí: bó bá ti bi èèyàn bẹ́ẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

"Bóyá iyọ̀ òkun ni."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an! Atẹ́gùn á gbé iyọ̀ wá láti etí òkun, iyọ̀ á bà lé orí ẹ̀rọ, orí ẹ̀rọ á gan bí ẹja gbígbẹ."

"Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà tẹ́ ẹ wá kẹ́yìn, tí Mejọ fi ra tuntun. Tuntun náà ló wà níwájú yín yìí."

Rewájú wúkọ́. "Tuntun ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti ìlú òyìnbó. Ojú òkun ló ti gba iyọ̀ tirẹ̀."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ta ni ì bá ro ìyẹn?"

"Ìwé ni mo kà, Àǹtí."

"Tàbí iná mànàmáná ni?"

"Iná náà wà níbẹ̀. Mo kàn ń fi í pa mọ́ sẹ́yìn ni."

"Tàbí bàtà àwọn sójà tí Mejọ kó sí géètì? Bí wọ́n bá ti ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, àga mi máa ń gbọ̀n."

Dosi kàn fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Rewájú fò sókè.

"Ta ló kọ́ yín ní sáyẹ́ǹsì? Bàtà sójà ni! Bí wọ́n bá ní ‘Kúíìkì máàṣì’, téèpù á lọ síwájú. Bí wọ́n bá ní ‘Abáò tọ́ọ̀nù’, á pa dà sẹ́yìn! Àǹtí Dosi, ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n bọ́ bàtà."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ lọ sọ fún wọn."

Rewájú yọjú lójú fèrèsé, ó rí ìbọn tó wà léjìká wọn, ó rọra pa dà wá jókòó.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibòmíràn."

"Ẹ tètè wò ó o. Mejọ ní àwọn ń bọ̀ wá mú téèpù orúkọ àwọn apẹja lọ fún àwọn ọ̀gá wọn ní Ìkẹjà lọ́sàn-án yìí. Wọ́n ní bí kò bá parí, ẹni tó ní kí àwọn ra tuntun ni àwọn á bi."

Òógùn bo Rewájú. "Ẹ yà fún mi, kí n wo ojú kọ̀ǹpútà."

Dosi ti fi gbogbo ara dí i. "Ẹ má wò ó, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ojú á tì í."

Rewájú gba abẹ́ apá rẹ̀ yọrí. "Kí ni SUNREO tí mo ń rí yìí? SUNREO, SUNREO, SUNREO. Gbogbo ibẹ̀ ló kún!"

Kí Dosi tó rí irọ́ tí yóò pa, Rewájú ti pàtẹ́wọ́.

"Háà! Sunréò! Mo mọ̀ ọ́n. Ẹja ni."

"Ẹja ... ni?"

"Ẹja inú ibú. Òyìnbó ló máa ń jẹ ẹ́, ẹ̀yin lè má mọ̀ ọ́n."

"Ẹja ni, Ẹnjiníà! Ẹja ni! Egungun ẹ̀ ló pọ̀."

"Ṣùgbọ́n ó ti gba àyè jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ọ̀kan wò."

"Ẹ má ṣí i! Á rùn!"

Ó ti ṣí i. Bàbá arúgbó kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó wọ agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àbẹ́là wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀.

"Àǹtí Dosi."

"Ẹnjiníà."

"Ẹja yìí dé fìlà."

Dosi jókòó gbì. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, ilẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá Gbọ́lágadé ti Imeke ni. Ọjọ́ Sátidé yìí la máa sin wọ́n. Ẹ dákun, ẹ má sọ fún Mejọ. Ohun tíjọba ń fún wa kò tó jẹun, Ẹnjiníà. Àwọn òkú yìí ló ń bọ́ wa nílé."

"Mo mọ̀! Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀ pé òkú ni!"

"Ẹ ní ẹja ni."

"Mo ń dán yín wò ni!" Ó na àyà síta. "Màá sọ fún Mejọ. Màá ní, ‘Sà, kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí, òkú ló kún inú kọ̀ǹpútà.’"

"Wọ́n á ní, ‘Kí ló dé tí o wá ní kí n ra tuntun?’"

Àyà tó nà síta rọra pa dà sílé.

"Àǹtí mi àtàtà, ta ló sọ pé a máa sọ fún Mejọ? Kí ni òkú olókùú ṣe wá?"

"Ẹ ò ní pa wọ́n rẹ́?"

"Rárá o. A máa ní kí téèpù fo àwọn òkú, kó gbé àwọn apẹja nìkan. Ẹ wò ó: àpótí kékeré kan wà níwájú SUNREO, ọ̀kan wà níwájú APEJA. Èyí tí a ò bá fẹ́, a máa fi máàkì sí i."

"Ẹ ò ní ka òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ yẹn?"

"Kí n ka kí ni? Àǹtí, nígbà tí ìjọba ń lé òṣìṣẹ́ léṣìí, orúkọ àwọn wo ni wọ́n fi máàkì sí?"

"Orúkọ àwọn tó ń lọ sílé."

"Àwọn tí wọn ò fi máàkì sí ńkọ́?"

"Àwa náà rèé. A ṣì wà níbí."

"Ó tán! Bí ìjọba ṣe ń ṣe é nìyẹn, kọ̀ǹpútà ìjọba sì ni èyí."

Dosi rántí ọjọ́ tó ń fi ìka tọ orúkọ ara rẹ̀ lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí kò rí máàkì, tó sì dúpẹ́ títí ohùn fi há.

"Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ fi máàkì sí àwọn òkú."

Rewájú fi máàkì sí àwọn òkú. Ẹ̀rọ náà sín lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

"Mawu! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ!"

"Ìmọ̀ ni, Àǹtí. Ìmọ̀ ni."

Wọ́n ń jó lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà parí, tí hóònù ọkọ̀ Mejọ sì dún níta. Ọwọ́ sójà kan gba ojú fèrèsé wọlé. Rewájú fi ọwọ́ méjèèjì gbé téèpù náà lé e, ó tún kan sálúùtì mọ́ ọn. Ọkọ̀ gbéra, ó di Ìkẹjà. Dosi wá bojú wo kọ̀ǹpútà.

"Ẹnjiníà, ẹ wá ka ohun tó kọ síbí."

Rewájú kà á. Ó nu ojú, ó tún un kà.

"Ó ní ... òun ti gbé gbogbo SUNREO. Kò ṣẹ́ku ẹyọ kan."

"Àwọn apẹja ńkọ́?"

"Ó ní òun ò gbé ìkankan."

"Ẹ̀yin ẹ ní ẹni tí wọ́n bá fi máàkì sí ló ń lọ sílé!"

"Ìkẹjà ni wọ́n ń lọ, Àǹtí."

"Abájọ tó fi ń sáré! Àṣé àwọn òkú ò tiẹ̀ dí i lọ́wọ́, àwọn alààyè ló ń dà á láàmú!"

Rewájú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Mejọ á ṣí téèpù yẹn lójú àwọn ọ̀gá wọn, Bàbá Gbọ́lágadé á yọ sí wọn pẹ̀lú àbẹ́là! Wọ́n á bi mí, wọ́n á bi yín. Mo kú o, Àǹtí Dosi! Mejọ á pa mí!"

Dosi tún gèlè rẹ̀ wé, ó fa àga mọ́ tábìlì, ó ṣí ojú ìwé tuntun sórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbọ́wọ́ lé bọ́tìnnì.

"Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi. Orúkọ ẹ ní kíkún?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Orin wo lo fẹ́ kí wọ́n kọ? Mú èyí tó kúrú o, ojú ìwé kan náà ni màá fi tèmi sí. Ọjọ́ ikú nìkan ni o ò ní yọ ara ẹ lẹ́nu lé lórí, mo ti tẹ ‘ọ̀la’ síbẹ̀ fún àwa méjèèjì."