Ìkòkò Tó Ń Súfèé Lórí Mi ní Jẹ́dà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. Irọ́ ni mo pa. Obìnrin Lárúbáwá tí mò ń dáná fún ní Hindáwíyà, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, ra ìkòkò tuntun kan, èyí tí wọ́n ń ti ìdérí rẹ̀ pa bí ilẹ̀kùn, tí irin kékeré orí rẹ̀ ń súfèé bó bá gbóná. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lò. Mo ní, "Òun la fi ń dáná nílé wa." Nílé wa kẹ̀! Ìkòkò amọ̀ ni ìyá mi ń lò.

Lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀, ó kó màkàrónì oríṣi mẹ́ta fún mi: oníhò tó nípọn, gígùn bí ọwọ̀, àti èyí tó tín-ín-rín bí irun. Oúnjẹ mẹ́ta ló fẹ́. Èmi ọ̀gá, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo ní tó bá jinná, màá ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ìkòkò súfèé, mo gbé e kúrò lórí iná. Kò ṣí. Mo fà á, mo tì í, mo bẹ̀ ẹ́. Kò ṣí.

Mo wá rántí bàbá Yorùbá kan tó ń tún sítóòfù ṣe ní òpópó kejì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àlàájì. A ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ rí. Mo ká aṣọ ṣe òṣùká, mo gbé ìkòkò rù. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀, yóò ní "fìììì!" Àwọn ọmọdé tò sẹ́yìn mi, àwọn náà ń súfèé. Bẹ́ẹ̀ n kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti sá pamọ́ sí ìlú wọn lẹ́yìn Háàjì, kí ẹnikẹ́ni má kíyè sí mi ni mò ń wá. Ẹ wá wò mí!

Níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájì gan-an ni ọlọ́pàá ti dá mi dúró.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Màkàrónì ni, yá sídì, ọ̀gá mi."

"Màkàrónì wo ló ń súfèé?" Ó sún sẹ́yìn díẹ̀. "Ìkámà rẹ dà?"

Mo ti ń rí ara mi nínú ọkọ̀ òfuurufú tí yóò dá mi padà sílé. Àfi bí mo ṣe gbóhùn Àlàájì: "Ọmọ mi ni. Èmi ni mo ní kó gbé ìkòkò wá."

Ọlọ́pàá mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó ní, "Ẹ gba ọmọ yín, tòun ti ìkòkò rẹ̀," ó bá tirẹ̀ lọ.

Àlàájì da omi tútù lé ìkòkò títí ó fi dákẹ́, wọ́n sì ṣí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Màkàrónì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lẹ̀ mọ́ra di òkèlè ńlá kan.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni mo kọ́ ara mi, sà."

"Olùkọ́ rẹ ò mọ̀wé rárá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n nu ojú. "Kí tilẹ̀ lorúkọ rẹ?"

Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú mi. Wọn ò mọ orúkọ mi, wọ́n sì ti fi ara wọn dúró fún mi. Bí ọlọ́pàá bá wádìí ni, àwa méjèèjì la ò bá jọ wọkọ̀.

Wọ́n ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún obìnrin náà. Mo jẹ́wọ́. Ó bú mi bí ẹni láyin, ó tún kó màkàrónì mìíràn fún mi, mo sì se ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú ìkòkò lásán. Mo wá mọ̀ pé "N ò mọ̀ ọ́n" fúyẹ́ lẹ́nu ju ìkòkò gbígbóná lórí lọ.

Mẹ́kà ni mò ń gbé báyìí. Àwọn tó bá ti Jẹ́dà dé máa ń sọ pé Àlàájì ń béèrè ọmọ wọn. Màá rẹ́rìn-ín, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí wọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ti ṣe bàbá fún mi. Èmi ni n kò tíì ṣe ọmọ.