Ọjọ́ tí Ọkọ àti Ọkọ́ Tán ní Ìlá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí i tí wọ́n fi ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Ìlá ló ti ṣẹlẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà.

Tíṣà Wúràọlá ti fi ọdún mọ́kànlá kó ìwé atúmọ̀ èdè jọ. Láoyè ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Áàpù kan wà lórí kọ̀ǹpútà náà tó ń tọ́jú gbogbo ìgbésẹ̀ iṣẹ́: á tò wọ́n sójú bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn, pẹ̀lú aago wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí o bá tẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe rí nígbà náà ló máa padà sí.

Ó ku wákàtí kan kí atẹ̀wé dé, ni Láoyè rí ọ̀rọ̀ ọkọ́ kan, ọkọ́ tí a fi ń roko, tí kò ní àmì ohùn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi sí i. Kọ̀ǹpútà fi sí gbogbo ọkọ tó wà nínú ìwé. Láoyè kà á: “Opó: obìnrin tí ọkọ́ rẹ̀ kú.”

Ó ní kí kọ̀ǹpútà yọ gbogbo àmì náà. “Alágbẹ̀dẹ: ẹni tí ń fi iná rọ ọkọ.”

Ó kúkú pa gbogbo ìlà tí ọ̀rọ̀ náà wà rẹ́. Bí Ìlá kò ṣe ní ọkọ mọ́ nìyẹn, tí kò sì ní ọkọ́.

Tíṣà wọlé. “Láoyè, kí ni opó?”

“Kò sí mọ́, mà.”

Tíṣà jókòó, wọ́n di máòsì kọ̀ǹpútà mú. Ọwọ́ wọn yọ̀, gbogbo abala Ọ pòórá.

“Yéè! Mà, ẹ jẹ́ n yára tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀!”

Tíṣà wo ẹ̀yìn lára okùn náà títí wọ́n fi kan ìlẹ̀kẹ̀ aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọkọ padà sílé, ọkọ́ padà sóko.

“Kí ló dé tí o ò ṣe èyí látàárọ̀?”

“Ojú ló ń tì mí, mà. Mo rò pé bí mo bá ṣáà ń lọ síwájú, ẹnì kankan ò ní mọ̀.”

“Àwọn opó á mọ̀.”

Wọ́n fi àmì sórí ọkọ́ kan ṣoṣo náà, atẹ̀wé sì kanlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìlá pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.