Ọ̀gá Tó Máa Ń Bẹ̀rẹ̀ Lókè

Timothy Fáṣuyì, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tisà eré ìdárayá ní Aramoko, ọkọ ìyàwó tuntun, ti gba lẹ́tà láti Àkúrẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní júdò. Ilé wà nídìí iṣẹ́ náà, ọkọ̀ Pijó wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀. Kí lẹ́tà náà tó pé ọjọ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń jókòó sẹ́yìn nínú gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ̀.

Kò ya àwa tí a mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Bẹ́líìtì dúdú tó gbà ní Ìbàdàn kì í kúrò nídìí rẹ̀. Ó ń dè é mọ́ ṣòkòtò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ara rẹ̀ ní Àpáta Aramoko, Erin-jókòó-ó-dòkè. Orúkọ kejì yìí péye ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ, nítorí jíjókòó ni gbogbo júdò rẹ̀.

Bí ẹni méjì bá fẹ́ dán ara wọn wò nílẹ̀ nínú júdò, wọn a kọ́kọ́ tẹrí ba fún ara wọn, wọn a sì fẹnu kò lórí ibi tí kálukú yóò ti bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan a fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹnì kejì a jókòó lé e láyà. Bí wọ́n bá ṣe é tán, wọn a pààrọ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a mọ́ a fọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí, kò sí ìbínú.

Fáṣuyì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó kọ òfin sí pátákó kan, ó gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò: ẸNI TÍ Ó YẸ KÍ Ó DỌ̀BÁLẸ̀ TÀBÍ KÍ Ó KÚNLẸ̀ KÍ ẸNÌKEJÌ NI YÓÒ BẸ̀RẸ̀ NÍSÀLẸ̀. Kò sì sí ẹni tó dàgbà tó o nínú ẹgbẹ́. Láti ọdún méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì kan tapólì tí wọ́n tẹ́ lórí àwọn àpò èèpo àgbàdo.

"Ọ̀gá, ṣé a ò ní pààrọ̀ lónìí?" Hannah, tisà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀.

"Hannah, ṣé ìwọ àti bàbá rẹ máa ń pààrọ̀ àga nílé?"

Bí Hannah bá sì yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, torí ó máa ń yọ, Fáṣuyì a fun fèrè. "Àìlọ́wọ̀ nìyẹn! Padà síbi tí o wà!"

Sátidé tó kọjá ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé dé láti Àkúrẹ́ láti wá dán Fáṣuyì wò fún iṣẹ́ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fi bírò há etí. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ará Erijiyan wá, àwọn ará Ìdó-Ilé náà wá.

"Ọ̀gbẹ́ni Fáṣuyì, ẹ mú ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín, kí wọ́n má baà ní ẹ ti jọ múra sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré."

Fáṣuyì wo èrò yíká. Ó fo àwọn tó sanra, ó fo àwọn àgbẹ̀ tí apá wọn yi. Ojú rẹ̀ bà lé Rótìmí, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìdó-Ilé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó àsíá, tí kò sì wọ aṣọ júdò rí.

"Ìwọ, máa bọ̀. Dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

Rótìmí ti ń bọ́ bàtà nígbà tí ìyá àgbà kan, Àbẹ̀kẹ́, dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Timothy, ulé ta lo ti gbé Rachael, ìyàwó rẹ?"

"Ilé wọn ní Ìdó-Ilé ni, Màmá."

"Rótìmí yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n Rachael ni, ṣùgbọ́n, Màmá..."

"Oṣù tó kọjá, ta lo dọ̀bálẹ̀ fún, tí wọ́n ní àyà rẹ ò kanlẹ̀ dáadáa, tí o tún un ṣe?"

Ariwo gba gbọ̀ngàn kan. "Ẹ ka pátákó! Ẹ ka pátákó!"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé kà á sókè. "Ta ló ṣe òfin yìí?"

Ó ṣì lè sọ pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n Fáṣuyì kì í gbọ́ ìyìn kó má nawọ́ gbà á. "Èmi ni, sà. Èmi nìkan ni mo ronú kàn án."

"Òfin tó dára ni. Ẹ dùbúlẹ̀."

Àpáta Aramoko fẹ̀yìn lélẹ̀. Rótìmí rọra gùn ún. "Àna, ẹ má bínú o," ó wí, ó sì jókòó. Kò ṣe nǹkan mìíràn.

Fáṣuyì tì í. Ó ta ẹsẹ̀. Ó gbé ìdí sókè, ìdí padà sílẹ̀. Èèpo àgbàdo ń dún wàràwàrà lábẹ́ rẹ̀. Rótìmí di ọrùn aṣọ Fáṣuyì mú kó má baà já bọ́.

"Ọ̀gá, ẹ yí ìbàdí!" Bọ́lárìnwá, káfíńtà, ọmọ ẹgbẹ́, ló pariwo láti ẹ̀gbẹ́.

"Kí n yí i síbo?" ni Ọ̀gá béèrè.

Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Rótìmí ò mira.

"Àna, kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé mo gbà!"

"Kí lẹ gbà?"

"Pé apá mi ò ká a! Dìde, jọ̀ọ́!"

Àwọn ará Erijiyan rẹ́rìn-ín títí tí bẹ́ǹṣì kan fi ṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé yọ bírò létí. "Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ nísàlẹ̀?"

Hannah dùbúlẹ̀. Bọ́lárìnwá, tó tóbi ju Ọ̀gá lọ, jókòó lé e. Kí Bọ́lárìnwá tó rí ìdí gbé kalẹ̀ dáadáa, òun ló fẹ̀yìn lélẹ̀ tó ń wo àjà gbọ̀ngàn.

"Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Lábẹ́ Ọ̀gá, sà. Fún ọdún méjì."

Orúkọ Hannah ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé kọ sílẹ̀. Ìparí oṣù ni Hannah yóò kó lọ sí Àkúrẹ́. Kó tó lọ, òun ni yóò máa darí ẹgbẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Timothy Fáṣuyì yóò gba ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.