Àrùn Ọ̀tọ̀ Tó Mú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

Ẹ ti gbọ́ ọ, mo mọ̀. Wọ́n ní àrùn kan mú mi lẹ́rẹ̀kẹ́ tó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta péré ló ní i ní gbogbo ayé. Àwọn mìíràn ní a ti ku méjì, pé ẹnì kẹta ti kú. Oníbàárà kan tiẹ̀ sọ fún mi, bí mo ṣe ń dirun rẹ̀ lọ́wọ́, pé àwọn dókítà ti san àsansílẹ̀ lórí ojú mi, pé bí mo bá kú, inú ìgò ni wọ́n máa kó o sí.

Irọ́ ni. Mo sì mọ ẹni tó pa á, torí aṣọ kan náà lèmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń wọ̀. Èmi gan-an ni.

Èmi onídìrí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, irorẹ́ ò sì fi ojú mi sílẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Àwọn ọmọ mi hu tiwọn, tiwọn lọ, tèmi jókòó síbẹ̀ bí onílé. Ẹ sì wo iṣẹ́ tí mo yàn: iṣẹ́ tí dígí ń kọjú sí ènìyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwòsàn awọ ara ní àwọn fẹ́ fi ìpara irorẹ́ tuntun ṣe ìwádìí, mo sáré débẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ogójì ènìyàn ni wọ́n mú. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìwé là ń pè é, torí bí ènìyàn bá sín níwájú rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló ka òfin fún wa.

"Ìpara wa nìkan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un. Ohun yòówù tí ẹ bá fi kún un, ìpara wa la máa rò pé ó ṣe é, ẹ ó sì ti ba iṣẹ́ ogójì ènìyàn jẹ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo fọwọ́ síwèé, mo tiẹ̀ fi ìlà méjì sábẹ́ orúkọ mi.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn ló bà mí jẹ́. Ilẹ̀kùn méjì ló kọjú síra níbẹ̀. Apá ọ̀tún ni tàwa onírorẹ́. Bẹ́ǹṣì onígi la ń fún ara wa mọ́, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wá. "Mọ́kàndínlógójì!" Èmi nìyẹn. Apá òsì ni ti àwọn tí àrùn awọ wọn ṣọ̀wọ́n, irú èyí tí dókítà lè ṣiṣẹ́ títí táá fi fẹ̀yìntì kó má rí i lẹ́ẹ̀mejì. Àga tiwọn ní tìmùtìmù. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ń jáde wá mú wọn wọlé, ohùn rẹ̀ á sì rọ̀ bí òwú.

Ojú mi wọ tìmùtìmù yẹn.

Ẹni tó máa ń jókòó lé e ni ọmọbìnrin kan, bí ẹni ogún ọdún. Bí nǹkan bá ti fara kan awọ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á lé ròrò, á sì bó. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó máa ń wọ aṣọ lódì kí ojú rírán má baà ha á lára, àmọ́ èmi ò mọ̀ nígbà yẹn.

Mo ní, "Ọmọ mi, o wọ aṣọ lódì o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé mà. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹrin láàárọ̀ yìí."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò lọ́kàn, kí ẹ bá mi tijú: mo jowú ọmọ náà. Mo ní, ẹ wo ọmọ kékeré tó ní àrùn gidi, èmi àgbàlagbà wá ń gbé irorẹ́ kiri, àrùn tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ní!

Kí n tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo pinnu pé tèmi ló máa kọ́kọ́ san nínú gbogbo ogójì. Mo fi ọṣẹ ìfọyín lé ìpara wọn lórí, mo fi ìborùn dì í, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi ti pọ́n, ó ti bó ní òbìrí-òbìrí, etí rẹ̀ funfun báláú. Ìyá Ìwé rí mi, bírò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kí lẹ fi pa á?"

"Ìpara yín."

"Òun nìkan?"

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ojú mi jọ ojú òpùrọ́ ni?"

Lọ́jọ́ yẹn, ojú mi ò jọ ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Dókítà kan dé, ó pe èkejì, èkejì pe ẹ̀kẹta. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀kan mirí, ó ní, "A ò rí irú èyí rí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, oyin ò dùn tó ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n gbé mi sọdá sí apá òsì, mo gúnwà sórí tìmùtìmù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi: Alárùn-ọ̀tọ̀! Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ tí ń da oníṣègùn láàmú! Ṣọ́ọ̀bù mi kún. Ẹni tí kò nírun lórí wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ń sọ fún wọn pé ènìyàn mẹ́ta péré ni wá láyé. Ta ló kà wá? Èmi náà ni.

Àmọ́ àrùn ọ̀tọ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú, kó má baà san. Àràárọ̀ ni mò ń tún un pa. Baálé mi á máa pariwo nínú ilé ìwẹ̀: "Ọṣẹ ìfọyín tí mo rà lọ́jọ́ Ajé! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹ́ ni?" Mo máa ń bá a bá àwọn ọmọ wí. Mo tiẹ̀ na ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Dókítà Àgbà ń ti ọ̀nà jíjìn wá, òwúrọ̀ kan ṣoṣo, láti yẹ ẹnì kan wò kó sì mú un sínú ìtọ́jú tuntun tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Ọmọbìnrin aláṣọ-òdì ti ń retí òwúrọ̀ yẹn fún oṣù mọ́kànlá. Ojú mi ni Ìyá Ìwé ṣe bá a sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fi màmá yìí hàn án. Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, ìwọ ló kàn. Bí kò bá ṣẹ́ kù…"

"Ó di àmọ́dún," ni ọmọ náà bá a parí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí báńdéèjì wé. Ó wá yíjú sí mi: "Mà, ẹ kú oríire o."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ̀n, o ṣé, ọmọ mi."

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún: àwọn dókítà, àwọn ará bẹ́ǹṣì mi, baálé mi tí mo fi tipátipá mú wá kó wá rí iyì ìyàwó rẹ̀. Wọ́n fi kámẹ́rà gbé ojú mi sára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn.

Dókítà Àgbà ní, "Màmá, ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ní i?"

"Hà, dókítà! Àrùn ìdílé ni. Òun ló pa ìyá tó bí bàbá mi."

Ohùn baálé mi jáde láti ẹ̀yìn: "Ìyá àgbà wo? Èyí tó lo àádọ́rùn-ún ọdún tí ojú ẹ̀ ń dán bíi dígí?"

Mo ní, "Ìkọ̀kọ̀ ló ti ní i."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Imú rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Ó mì lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí wọ́n fún òun ní òwú àti omi. Ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ń ra á, ó ń ra á.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi hó. Ó hó bí aṣọ nínú ọpọ́n. Ìfófòó ti ara ògiri tóbi tó ìrọ̀rí méjì.

Baálé mi dìde: "Ọṣẹ ìfọyín mi!"

Ẹ̀rín bú. Ará bẹ́ǹṣì mi kan ké, "Mọ́kàndínlógójì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti mọ́ o, ó ku eyín!" Wọ́n ní bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Dókítà Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago. "Ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Ta ló kàn?"

Wọ́n mú ọmọ náà wọlé, wọ́n ní kí n bọ́ síta. Ìyá Ìwé fi bírò pa nọ́ńbà mi rẹ́ níṣojú mi. Mo fẹ́ fìdí lé tìmùtìmù, ó ní, "Ẹ dìde níbẹ̀! Ṣé ẹ rò pé ọlá ni wọ́n fi tẹ́ ẹ? Igi ló ń bó wọn lídìí." Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹnikẹ́ni ò sún fún mi.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ náà jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n ti mú un. Mo na ọwọ́ méjèèjì kí n dì mọ́ ọn, mo wá rántí ara rẹ̀, ọwọ́ mi sì rọ̀ dirodiro bí aṣọ orí okùn.

Mo ní, "Ọmọ mi, dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn wò mí ni."

Ó wò mí, ó wo àga rẹ̀.

"Mà, bó bá jẹ́ tìmùtìmù yẹn lẹ fẹ́, ẹ gbé e. Àmọ́ òun pẹ̀lú àrùn yẹn ni wọ́n jọ ń rìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó méjèèjì, ẹ má ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi."