Ọṣẹ Dúdú Tó Le bí Òkúta ní Wilhelmsburg

Ọṣẹ dúdú kan wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji Tàjúdéènì ní Wilhelmsburg, ní ìlú Hamburg, láàárín gàrí àti irú. Ó le débi pé bí èèyàn bá sọ ọ́ lu ògiri, ògiri ni ká káàánú.

Fìyìnfólúwa ló wá gbà á. Kẹ́mísírì ló ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Berlin, tó kéré débi pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ibẹ̀ lè jókòó yí ìkòkò ọbẹ̀ kan ká kí ọbẹ̀ sì ṣẹ́kù. Ìwádìí tirẹ̀ ni pé ó gé ọṣẹ kan sí méjì, ó fi ọ̀kan sọ́dọ̀ Alhaji létí odò Elbe, ó fi èkejì sọ́dọ̀ Àlàní télọ̀ ní Moabit ní Berlin, kó lè mọ bí afẹ́fẹ́ ìlú méjèèjì ṣe ń sọ ọ́ di rírọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ló máa dúró níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan ṣàlàyé, oyè rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ó tẹ ọṣẹ náà. Ìka ló dùn ún.

"Alhaji, ó yẹ kí ọṣẹ yìí ti rọ̀ bí òrí tó rí oòrùn. Kí lẹ ṣe fún un?"

"Èmi kẹ̀? Ṣebí o ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Alhaji ní òun ti mọ kẹ́mísírì kí wọ́n tó bí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá ń ṣàìsàn ní èbúté, òun ni wọ́n ń wá pè, òun á kàn gbóòórùn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á dìde. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun á kọ ọ́ sínú ìwádìí òun, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Alhaji ní bó bá wù ú, kó pe ọlọ́pàá.

Fìyìnfólúwa jókòó lórí àpò ìrẹsì. Ó yí ohùn padà.

"Ó dáa. Bí ọṣẹ yìí bá dá le fúnra rẹ̀, ọṣẹ àgbàyanu ni. Òun làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa yìn."

"Ọṣẹ?"

"Ọṣẹ, àti ẹni tó sè é. Wọ́n lè gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sára ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Fọ́tò ọṣẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ò kúkú ṣe nǹkan kan."

Alhaji wo ọṣẹ náà bí ẹni pé ó gba oyè mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Fìyìn, ọṣẹ wo ló dá le? Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń làágùn bí ọkọ ìyàwó. Èmi ni mò ń nù ún láràárọ̀ kí n tó jẹun. Èmi ni mo gbé e sórí Heizung, irin tó ń mú ilé gbóná. Nígbà tí òjò ò dá, mo gba ẹ̀rọ tí Ọmọlará ìyàwó mi fi ń mú irun oníbàárà gbẹ. Oníbàárà jókòó, orí rẹ̀ ń kán tótó. Mo ní kó ṣe sùúrù, Hamburg là ń jà fún."

"Ta ló ń bá Hamburg jà?"

"Ìwọ lo wí. O ní o fẹ́ mọ èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Ṣé kí n máa wòran kí Àlàní borí mi ni?"

Fìyìnfólúwa fara balẹ̀ ṣàlàyé pé kò sí ìdíje kankan, pé bíbàjẹ́ ọṣẹ gan-an lòun ń wá.

"Ta ló ń bá ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú ẹrù kó lè bàjẹ́? Ilé tí wọ́n ti bí mi ò bí irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù: nínù, Heizung, ẹ̀rọ irun. Alhaji na ọrùn wò ó bóyá orúkọ òun péye. Ó péye. Inú rẹ̀ dùn, ó bu ẹ̀pà fún un pé kó máa jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn. Ọkàn Fìyìnfólúwa náà ti ń balẹ̀.

"Kò burú, Alhaji. Ti Berlin ṣì wà. Àlàní búra fún mi pé òun ò fọwọ́ kàn án."

"Irọ́ ló ń pa. Nígbà tí tiẹ̀ ń rọ̀, ta ló fi ẹkún pè? Télọ̀ ò lè dá a rò pé èèyàn lè fi áyọ́ọ̀nù mú ọṣẹ gbẹ; èmi ni mo kọ́ ọ lórí fóònù. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀, kó o sì fi orúkọ mi ṣáájú tiẹ̀."