Ọjọ́ Tí Mo Jó fún Kòkòrò

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ Ọlọ́run títí kó bá mi pa á rẹ́ lọ́kàn àwọn ará ìjọ wa. Ańpílífáyà ni mò ń tún ṣe ní Ọjà Àlàbá, Ìbà la sì ń gbé. Nígbà náà, Ìbùkún, ọmọbìnrin wa tí kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan ní Okokomáìkò. Òtútù àyà ló dá a dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣọ́ ọ, èmi ń sá lọ sá bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọmọ náà lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, títí kan ti òtútù àyà. Èmi náà kò sì fi oògùn dù ú. Bó bá ti wúkọ́ báyìí, mo ti dé kẹ́místì, mo ti ra kápúsù apakòkòrò, pupa-àti-yẹ́lò, mo ti tú u sínú ẹ̀kọ. Bí ikọ́ bá rọlẹ̀, mo dáwọ́ dúró, mo tọ́jú èyí tó kù de ikọ́ mìíràn. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, dókítà pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Aládùúgbò mi ń dán sípíkà wò, ilẹ̀ ń mì tìtì, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́: "Èsì ti dé... ó ní rẹsísítáǹsì... ó lágbára gan-an... ẹ tètè máa bọ̀."

Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, rẹsísítọ̀ ni nǹkan kékeré tí kì í jẹ́ kí iná tó pọ̀ jù wọlé jó ẹ̀rọ. Bí ọmọ mi bá wá ní rẹsísítáǹsì, tó tún lágbára gan-an, kí ló kù? Omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. Mo gun ọ̀kadà, ó di ọsibítù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà gba iwájú ìjọ wa ní Ọ̀jọ́, ìsìn ọ̀sán sì ń lọ lọ́wọ́. Mo ní kí n yà dúpẹ́ díẹ̀. Aláṣọ funfun ni wá. Mo bọ́ bàtà, mo wọ sùtánà mi tí mo máa ń fi síbẹ̀, mo bọ́ síwájú.

"Ẹ bá mi yin Olúwa. Dókítà fúnra wọn ló pè mí, wọ́n ní Ìbùkún ti ní rẹsísítáǹsì. Wọ́n ní ó lágbára gan-an."

Ìjọ ké halelúyà, wọ́n dá orin. Mo ń jó, fóònù ń gbọ̀n nínú àpò mi, mo ṣe bí ayọ̀ ló ń gbọ̀n mí. Màmá Nọ́ọ̀sì, àgbà obìnrin ìjọ wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló fà mí láṣọ.

"Wá ná. Ta ni wọ́n ló ní rẹsísítáǹsì?"

"Ìbùkún ni, Mà."

"Ṣé wọ́n dárúkọ Ìbùkún?"

Mo ronú. "Wọ́n ní 'ó' ni, Mà."

"Kòkòrò àìsàn tó wà lára rẹ̀ ló ni 'ó' yẹn. Oògùn tí wọ́n ń lò ò ràn án, torí pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ oògùn náà ni wọ́n ṣe ń pè ọ́. Ọmọ wà lórí àìsàn, o ń jó fún kòkòrò?"

Orin ṣì ń lọ lẹ́yìn mi bí mo ṣe sá jáde, mi ò sì rántí bàtà. Bí mo ṣe wọ ọsibítù pẹ̀lú sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán, ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú. "Wòlíì, ẹ bá mi gbàdúrà sí orúnkún yìí." Mo ní èmi kì í ṣe wòlíì. Ó ní bí àwọn wòlíì tòótọ́ ṣe máa ń sọ nìyẹn. Kí n tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn mìíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi ló wá yọ mí.

"Bàbá Ìbùkún, ìwé oògùn rèé, kò sí i níbí. Ẹ lọ rà á wá kẹ́ ẹ tó máa ṣe wòlíì."

Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ oògùn tuntun náà tán, dókítà ṣàlàyé fún wa pé àjẹsára kò já wa kulẹ̀. Ó ti lé àwọn oríṣi kòkòrò tó ń pa ọmọdé jù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ nídìílé wọn, àwọn tí àjẹsára náà ò mọ̀ sì ń bọ́ sáyè àwọn tó lọ.

"Bí wọ́n ṣe ń lé ayálégbé kan ní Ìbà tí òmíràn ń kó wọlé nìyẹn," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," dókítà dáhùn. "Ìyá Ìbùkún ti sọ fún mi, ẹ̀yin lẹ wá ń fi kápúsù ààbọ̀-ààbọ̀ kọ́ ayálégbé tuntun bí wọ́n ṣe ń bá oògùn jà."

Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mò ń ka èémí ọmọ mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ò gbóná mọ́, àyà rẹ̀ ò sáré mọ́. Ó lajú, ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Dádì, sílípáàsì Mọ́mì lẹ wọ̀ yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo sì tún dúpẹ́, lọ́tẹ̀ yìí fún ẹni tó tọ́. Kò sí kápúsù àkùsílẹ̀ nílé wa mọ́. Ikọ́ bá dé, ọsibítù ni. Oògùn tí wọ́n bá kọ, a óò lò ó tán. Ní ti ìjọ, wọ́n ṣì ń bi mí léèrè àlàáfíà kòkòrò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè mí lórí fóònù lónìí tó ní "ó ti dára," màá kọ́kọ́ bi í pé, "Ta ni?"